Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá ọkọ mi ti ká mi mọ́. Wọ́n ti Ìjẹ̀bú wá kí wa ní OPIC Estate tí a ń gbé, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dé nìyẹn. Wọ́n jáde láti ká aṣọ tí wọ́n sá, ni wọ́n bá rí mi lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Mo dá jókòó. N kò gbé fóònù dání, n kò ṣa ẹ̀fọ́, n kò fọ abọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná ò sì tíì dé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

Mo ní, "Ẹnì kankan ò ṣẹ̀ mí, mà."

"Ṣé ara ò yá ni?"

"Ara le, mà. Mo kàn jókòó ni."

Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n gbé aṣọ sórí okùn padà, wọ́n fa àpótí kejì, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn, kí n má baà dá wà. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú tí mo ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló bá ìtàn ìgbéyàwó náà lọ.

N kò dá wọn lẹ́bi. Bí àwa Yorùbá bá rí ẹni tó dá jókòó, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, tàbí gbèsè, tàbí pé ó ń gbèrò ohun tí kò dáa. Òwe wa náà ti í lẹ́yìn. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Òtítọ́ ni gbogbo wọn, n kò sì ní kọ̀ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀. Àmọ́ àwọn baba wa kan náà tó pa òwe wọ̀nyí ló tún kọ́ ilé sí ìlú wọn fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo ro ilé yẹn dáadáa ni mo tó mọ ohun tó sọ mí di ẹni tó ń fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjọ́ wa ṣe ń rí níbí. Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè Mowé, Ìbafò tàbí ìhà Ìṣẹ́rí, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 128, ni gbogbo wa jọ ń gbà. Láti ọdún 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń jẹ wákàtí ènìyàn. Nínú bọ́ọ̀sì, oníwàásù kan á dìde, tó bá parí, ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀dí-jẹ̀dí á gbà á. Dẹ́rẹ́bà ti tan rédíò, ẹni tó jókòó tì ọ́ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí fóònù. A dé Kárà, òórùn màlúù gba inú ọkọ̀. Níbi iṣẹ́, ènìyàn. Nígbà tí a bá ń bọ̀ lálẹ́, ènìyàn. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn olùjọsìn bá ń wọ́ lọ sí Redemption City ní kìlómítà 46, ibùdó tí ìjọ Ìràpadà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ọ̀nà a máa kún dẹ́nu. Kí o tó wọlé, ọmọ ti ń dúró de ọ́, ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn onílé sì ti kún orí WhatsApp. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kan: láti ìgbà tí mo jí títí mo fi sùn, kò sí ìṣẹ́jú kan tí ẹlòmíràn ò fi ohùn rẹ̀ kún inú orí mi.

Síbẹ̀, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń mọ̀ ọ́n lára jù pé n kò ní ẹni tí mo lè bá sọ ohun tó wà nínú mi. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbé yàrá kan ṣoṣo. Ó ní òun lè fi gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè wà láìsí ẹni tó máa pe orúkọ òun. Ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà irú èyí ti le ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan mínísítà kan lé e lórí ní ọdún 2018. Àárín èrò ni mo wà, òun wà nínú yàrá rẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣe wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsí ènìyàn nítòsí ni mò ń yìn. Àbúrò mi ní ìyẹn lọ́pọ̀ yanturu, kò sì ṣe é lóore.

Ilé tí mo ní àwọn baba wa kọ́ ni ìpèbí. Ẹni tó bá dàgbà sí ìpínlẹ̀ Ògùn yóò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ, ní Ẹ̀gbá. Bí àwọn afọbajẹ bá ti yan ọmọ oyè, kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé adé lé e lórí kó máa jó lọ. Wọ́n á mú un wọ ìpèbí. Níbẹ̀, ìyàwó ò lè wọlé tọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú, ọ̀rẹ́ ò lè wá gba owó, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò ò lè fi ìwé kan sí iwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìlú ló ń wọlé wá kọ́ ọ: orírun ìlú, oríkì àwọn tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀, èèwọ̀ oyè, bí ọba ṣe ń rìn, bó ṣe ń jẹun, ohun tí kò gbọdọ̀ tẹnu rẹ̀ jáde mọ́. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ni láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ti dín in kù. Ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí wọ́n yan Ọba Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì gẹ́gẹ́ bí Ọọ̀ni ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ọjọ́ 21 ló lò nínú ìyàsọ́tọ̀ ní ilé Ilófì kí wọ́n tó gbé ọ̀pá àṣẹ fún un ní oṣù Kejìlá.

Ohun tí mo máa ń rò nípa ìpèbí ni alẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ti lọ sùn. Ọkùnrin kan wà nínú yàrá, tó jẹ́ pé oníṣòwò ni lánàá, tàbí agbẹjọ́rò, tàbí tíṣà, tí gbogbo ayé ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Bó bá jáde, kò sí ẹni tí yóò pè é lórúkọ mọ́. Ta ni yóò jẹ́ nígbà náà? Kò sí ìjòyè tó lè bá a dáhùn ìyẹn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í gba ìdáhùn nínú ariwo, wọ́n sì fún un ní yàrá, wọ́n fún un ní ọjọ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ìlú ló ṣètò rẹ̀ pé kí ó dá wà. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ìlú gbàgbé?

Àwọn ẹlẹ́sìn náà mọ ọ̀nà yìí. Àwọn Mùsùlùmí ń wọ ìtikáfù sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn Rámádánì, àwọn ààfáà kan a sì máa wọ kàlúwà láti dá gbàdúrà. Ní ọdún 1928, wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó ní òun gbọ́ ìpè. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ààwẹ̀, ó wọ inú àdúrà. Ní ọdún 1930 ó wà ní Òkè Oòyè, Iléṣà, níbi ìsọjí, láàrin èrò tí kò lóǹkà. Èyí tó wú mi lórí nínú ìtàn náà ni pé ó padà wá sáàárín ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le nìyí o. Nǹkan kan náà, kí a yọ ènìyàn kúrò láàrin ènìyàn, ni wọ́n fi ń jẹ ẹlẹ́wọ̀n níyà. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ìjọba ológun mú Wọlé Ṣóyínká. Oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì fi wà ní àdádó nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná. Ó kọ ewì sórí bébà ìnùdí. Ìwé tó fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, The Man Died, jáde ní ọdún 1972. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí lè rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ dá wà mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n inú igbó ní Abẹ́òkúta ni Ṣóyínká kọ́ ilé rẹ̀ sí, tó sọ ọ́ ní Ìjẹ̀gbá, ibẹ̀ ló sì ti ń jókòó kọ̀wé nínú ìdákẹ́jẹ́.

Mo tún gbé ọdún 2015 yẹ̀ wò. Oṣù Kejìlá tí Ọọ̀ni gba ọ̀pá àṣẹ lẹ́yìn ọjọ́ 21 náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè, tó ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 15 léra tí wọ́n lè ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ yàrá lóun nìkan, nítorí ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ. Ọjọ́ 15 ba ti ẹnì kan jẹ́, ọjọ́ 21 sọ ẹnì kejì di ọba. Kì í ṣe iye ọjọ́. Ẹni tó wà ní ìpèbí mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí yóò jáde, ó sì mọ̀ pé ìlú ń dúró dè é. Ẹlẹ́wọ̀n inú àdádó kò mọ ọ̀kankan. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹlòmíràn ọ̀hún kò sì fẹ́ ire rẹ̀.

Àwa náà tọ́ ọ wò díẹ̀. Nígbà tí ìjọba sé ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́lé láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, àwọn kan ní a ti rí ìsinmi. Ènìyàn mẹ́fà nínú fúláàtì kan, gbogbo ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìròyìn ikú lórí fóònù. N kò rí ẹni tó jáde nínú ìyẹn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Nítorí èyí, mo fẹ́ fi ohùn líle sọ ọ́: bí ìbànújẹ́ bá ti wọ ẹnì kan lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí ìdí láti jí mọ́, tàbí tí ikú ń wù ú, ìdáwà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954, ohun tó sọ wọ́n di olókìkí káàkiri àgbáyé ni pé wọn kò ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó ní kí aláìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, kó máa wá gba ìtọ́jú, kó máa rí oko, kó máa rí ọjà, kó máa gbọ́ ariwo ọmọdé. Àárín ènìyàn ni ìwòsàn tiwọn wà. Ìyá ọkọ mi tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà ń ṣe ohun tí Lámbò ṣe, láìmọ̀ pé èmi ò wá fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ènìyàn tí ara rẹ̀ dá, tí ayé kàn ti fún lọ́rùn, ìyẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ tó o.

Kò rọrùn bí a ṣe rò. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà fi ènìyàn sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15, láìsí fóònù, láìsí ìwé, wọ́n ní kó kàn máa ronú. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó máa gbé iná sí i lára bó bá tẹ̀ ẹ́, iná tí gbogbo wọn ti tọ́ wò tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ní àwọn lè sanwó kí ó má baà kan àwọn mọ́. Nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 tẹ̀ ẹ́. Nínú obìnrin 24, àwọn 6. Wọ́n yàn kí iná gbé wọn ju kí wọ́n bá ọkàn ara wọn jókòó. Nígbà tí mo kà á, ó yé mi ìdí tí ọwọ́ mi fi ń wá fóònù nínú àpò tí fóònù ò sí.

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú ni bàbá ọlọ́dẹ wa ní géètì. Mo dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò kékeré. Wọ́n ti pa rédíò náà. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, mo ní ṣé bátìrì ló tán ni. Wọ́n ní rárá, pé bó bá ti di àárín òru, àwọn a máa pa á, torí rédíò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ẹsẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ. Ọdẹ ni wọ́n nígbà èwe wọn ní ìhà Ifọ̀, wọ́n ti sùn nínú igbó ní àìmọye òru. Mo ní ẹ̀rù ò ba wọ́n? Wọ́n ní kí ọdẹ tó jáde nílé, ó ti sọ ìhà ibi tó ń lọ fún ìyàwó rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo gbé gbólóhùn yẹn wọlé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo mú ibì kan, ẹ̀gbẹ́ táńkì, n kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Mo mú àkókò kan, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ tí n kò bá lọ Èkó, aago márùn-ún ìdájí ní Sọ́ńdè. Fóònù wà lọ́wọ́ àkọ́bí mi ní kíṣìnnì. Kí n tó jókòó, mo ti mọ ìgbà tí n ó dìde.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ a máa le. Owó iléèwé á dé. Gáàsì tó fẹ́ tán á dé. Ohun tí ọ̀gá sọ lójú gbogbo ènìyàn á dé, pẹ̀lú èsì tó yẹ kí n fún un nígbà yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn jà. Ní báyìí, mo ń ṣe wọ́n bí mo ṣe ń ṣe bọ́ọ̀sì tí kò lọ sí ibi tí mò ń lọ: ó dúró, kọ̀ndọ́ pariwo, n kò wọ̀ ọ́, ó kọjá. Lẹ́yìn náà etí a là. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ẹnu páìpù. Mo ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú ilẹ̀ irà tí wọn ò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Lékeléke á fò kọjá lọ sí ìhà odò Ògùn.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló ń gòkè wá lẹ́yìn náà, ìyẹn ni kò sì ṣeé ṣètò. Bàbá mi kú lọ́dún tó ṣáájú. A sin ín dáadáa: kánópì mẹ́fà, aṣọ ẹbí, onílù, gbogbo ẹbí pé. Èmi ni wọ́n fi oúnjẹ sí lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí sílẹ̀, mò ń ka kúlà ìrẹsì tó kù, torí àwọn àlejò láti Èkó ò tíì jẹun. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, níbi táńkì, mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń ro epo tó kù lára ọ̀pá sẹ́ẹ̀nì kẹ̀kẹ́ sínú agolo Mílò, kó má baà ṣòfò. Agolo yẹn ni mo rí. Mo sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe ọkàn akin.

Ọjọ́ kejì tí ìyá ọkọ mi ká mi mọ́, mo lọ bá wọn ní yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn. Mo ní, "Mà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ máa fi ogún ìṣẹ́jú jókòó lẹ́yìnkùlé. Nǹkan kan ò ṣe mí. Bí aago méje bá ti fẹ́ lù, n ó wọlé." Mo sọ ti bàbá mi fún wọn pẹ̀lú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "O ò wí tẹ́lẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa á. Ọmọ mi kékeré sáré dé pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, mo gbọ́ tí wọ́n dá a dúró.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo ń lọ bá Mọ́mì."

"Mọ́mì rẹ wà ní ìpèbí. Jókòó síbí, kí n bá ọ wò ó."

Mo gbọ́ ìró ẹ̀wà nínú àtẹ, mo gbọ́ ọmọ tó ń ka ìṣirò sókè. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ wọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kan ìlẹ̀kùn páànù lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyàwó mi, aago méje ti lù. Jáde wá jẹun."